Niger ti jáde nínú ECOWAS: kí ló wá kan alálùbọ́sà Bódìjà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2025, mo lọ ra àlùbọ́sà ní ọjà Bódìjà. Ìyá tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tú àpò kan sílẹ̀, ó ń ṣà á: èyí tó ti ń rọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ṣì le lọ́tọ̀, èèpo pupa rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́sẹ̀ wa. Rédíò kékeré tó gbé ka orí àpò kejì ń ka ìròyìn. Bí wọ́n ṣe dárúkọ ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìyá gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tóo kàwé, ṣé òótọ́ ni pé àwọn Niger ti bá wa jà, wọ́n ti lọ? Alhaji tó ń kó ọjà yìí wá ńkọ́? Ṣé wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́ ni?"

Mo dá a lóhùn kíákíá pé, "Rárá o, màámi, kò sí nǹkan kan." Mo sanwó, mo gbé ọjà mi. Kí n tó dé Mọ́kọ́lá ni ọkàn mi ti ń dá mi lẹ́bi, torí èsì tí mo fún un kò pé. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó hàn ni pé orílẹ̀-èdè tó bá jáde nínú ẹgbẹ́ kì í dún gbàù bí ìbọn. Ó dà bí ìṣó tó yọ lára páànù òrùlé: títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èyí tí mò ń kọ yìí ni èsì kíkún tó yẹ kí n fún ìyá yẹn lọ́jọ́ náà.

Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀, ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ló ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó rin ìrìn rẹ̀, tó ń lọ bá àwọn ìjọba láti ìlú dé ìlú, ọmọ Yorùbá ni: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ọrọ̀ ajé ní ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ràn láti máa sọ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ̀rọ̀ ECOWAS bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Abuja nìkan ni. Orílẹ̀-èdè 15 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Cape Verde wọlé lẹ́yìn náà, Mauritania sì jáde ní ọdún 2000. Nígbà tí Niger, Mali àti Burkina Faso wá jáde pọ̀, ó ku 12.

Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí á fi yé e. Ẹ jọ ń dáwó, ẹ jọ ní òfin. Ẹnì kan yá owó, ẹni méjì dúró fún un. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wá fi ìbínú dìde nínú ìpàdé, tó ní òun ti kúrò látòní, ṣé ó ti kúrò? Kò tíì kúrò. Akọ̀wé á ní kó kọ ìwé wá. Wọ́n á wo gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó dúró fún un á máa wo ojú ara wọn, àwọn tí òun náà dúró fún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá onídùúró mìíràn kiri. Ìwé àdéhùn ECOWAS tí wọ́n tún ṣe ní 1993 sọ nǹkan tó jọ èyí ní abala 91: ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ ìwé, kó sì dúró ọdún kan, kó sì máa pa òfin mọ́ títí ọdún náà á fi pé. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, 2024 pé àwọn ti lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. ECOWAS ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó di ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, 2025. Ọjọ́ yẹn ló bọ́ sí òfin. Wọ́n tún fi oṣù mẹ́fà kún un, títí di ìparí oṣù Keje 2025, bóyá wọ́n á yí ọkàn padà. Wọn kò yí i.

Kí ló bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀? Ológun gbàjọba ní Mali ní 2020, wọ́n tún gbà á ní 2021. Burkina Faso ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láàárín 2022. Niger ṣe tiẹ̀ ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS. Ẹgbẹ́ náà ní òfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìbọn gbàjọba, ó sì pinnu pé tọ̀tẹ̀ yìí kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ẹnubodè. Wọ́n dá owó Niger dúró sí báńkì. Nàìjíríà já iná, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Niger ń lò ló ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n halẹ̀ pé bí wọn kò bá dá Mohamed Bazoum, ààrẹ tí wọ́n lé kúrò, padà sórí àga láàárín ọjọ́ méje, àwọn lè fi ogun wọ̀ ọ́. Àwọn ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fa ara wọn mọ́ra, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn tí wọ́n ń pè ní AES sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀sùn wọn ni pé ECOWAS kò ran àwọn lọ́wọ́ lórí àwọn agbésùnmọ̀mí tó ń pa àwọn èèyàn àwọn, pé àwọn alágbára òkè òkun ló ń darí rẹ̀, àti pé ìyà tó fi jẹ àwọn kò ní àánú nínú. Èmi kò fara mọ́ kí ológun gbàjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní Niamey, olú ìlú Niger, nígbà tí iná lọ yẹn, mi ò lè sọ fún un pé ẹ̀sùn tó kẹ́yìn yẹn, irọ́ ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ìyà tí Niger jẹ ní 2023 kì í ṣe ìyà ìjáde. Wọ́n ṣì wà nínú ẹgbẹ́ nígbà yẹn, ẹgbẹ́ ló ń nà wọ́n. Ní oṣù Kejì 2024, ECOWAS mú ọ̀pọ̀ nínú ìyà náà kúrò, Nàìjíríà sì ṣí ẹnubodè ní oṣù tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀nà wà ní títì. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀nà wà ní ṣíṣí, tírélà ń kọjá. Ẹni tó bá wo ojú ọ̀nà nìkan á ní ìjáde náà dára ju ìjókòó lọ.

Ohun kejì tó tún ń da ọ̀rọ̀ rú ni owó sẹ́fà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn tó pọ̀ pé Niger ti kúrò nínú sẹ́fà. Kò kúrò o. Ẹgbẹ́ mìíràn wà tí a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa torí Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀: UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó jọ ń ná sẹ́fà. Niger, Mali àti Burkina ṣì wà níbẹ̀ digbí. UEMOA ní òfin tirẹ̀ lórí ọjà àti lórí ìrìn àjò láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé láàárín Bamako àti Dakar, láàárín Ouagadougou àti Abidjan, láàárín Niamey àti Lomé, ìbòrí kan ṣì wà lórí oníṣòwò bí ti ECOWAS tilẹ̀ ti ká kúrò.

Ẹ wá wo ibi tí kò ti sí ìbòrí kejì. Àárín àwọn mẹ́ta yìí àti àwọn tí kò sí nínú UEMOA ni: Gánà, Gíní, àti àwa. Nínú gbogbo wọn, àwa la bá wọn pààlà tó gùn jù. Ẹnubodè Nàìjíríà àti Niger lé ní 1,500 kìlómítà, láti Kebbi, Sokoto, Zamfara, Katsina, Jigawa àti Yobe títí dé Borno. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Faransé ni, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí. Àwọn tó ń ná sẹ́fà ní ìwé mìíràn lọ́wọ́. Àwa kò ní.

Kí wá ni ìwé tó ti kúrò yẹn ń ṣe? Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láì gba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ní 1986 wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ kún un, ní 1990 wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀ kún un. Alhaji tó ń kó àlùbọ́sà wá sí Bódìjà, ohun tó ń lò nìyẹn, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan á ṣì dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ṣì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè bá wọn jiyàn. Ó lè sọ pé, "Mo ní ẹ̀tọ́ láti wà níbí."

Ní ọjọ́ tí ìjáde náà bọ́ sí òfin, ECOWAS kéde pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù ṣì máa gba pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìdánimọ̀ tó ní àmì ECOWAS lọ́wọ́ àwọn ará orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà, kí wọ́n ṣì máa jẹ́ kí ọjà wọn wọlé bí ti tẹ́lẹ̀, títí di ìgbà tí wọ́n bá tún gbọ́. Àwọn AES náà ti sọ ní oṣù Kejìlá 2024 pé àwọn kò ní béèrè físà lọ́wọ́ àwọn ará ECOWAS. Ó dára, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Oníkálukú ló sọ tirẹ̀ láti ẹnu tirẹ̀. Ìkéde ni méjèèjì, kì í ṣe ìwé àdéhùn. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ lánàá ti di ojúrere lónìí. Ẹ̀tọ́, wọ́n ní láti bá ọ rojọ́ kí wọ́n tó gbà á. Ojúrere, àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni wọ́n á fi gbà á padà.

Nítorí pé mo sọ̀rọ̀ ẹjọ́: ECOWAS ní ilé ẹjọ́ ní Abuja, láti 2005 sì ni ẹnikẹ́ni, kódà mẹ̀kúnnù, ti lè pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́ níbẹ̀. Obìnrin kan wà ní Niger tí wọ́n tà lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, ní 240,000 sẹ́fà. Nígbà tó rí ọ̀nà kúrò, tó lọ fẹ́ ọkọ tó wù ú, ọkùnrin tó rà á lẹ́rú ní ìyàwó òun ni, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ sì rán obìnrin náà lẹ́wọ̀n pé ó fẹ́ ọkọ méjì. Ilé ẹjọ́ ECOWAS gbéra láti Abuja, wọ́n lọ jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Niamey. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, 2008, wọ́n dá a láre: ìjọba Niger kò dáàbò bò ó lọ́wọ́ oko ẹrú, kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́fà fún un. Ọ̀nà tí obìnrin yẹn gbà ti dí báyìí fún obìnrin mìíràn tó bá wà nípò rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ìjáde yìí mú lọ, èyí ló dùn mí jù, òun sì ni kò sẹ́ni tó ń sọ lọ́jà, torí kò sí lára iye owó àlùbọ́sà.

Ìyá tó bí ìyá mi mọ ìyàtọ̀ ẹ̀tọ́ àti ojúrere dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Tamale, lókè Gánà, ló ti ṣòwò wọ́rọ́wọ́rọ́ fún ọdún gbọọrọ: abẹ́rẹ́, òwú, jígí, ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń sọ èdè wọn, ó ń bá wọn dáwó, ó bí ọmọ méjì síbẹ̀. Kò ní ìwé kankan, torí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbé ọmọ kan pọ̀n, ó fa èkejì lọ́wọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́la. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa ń so mọ́ etí ìró. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti fi ṣeré ní kékeré, ó ti dúdú, eyín rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá ECOWAS sílẹ̀.

Mi ò ní tan yín jẹ pé ìwé nìkan tó. Ní oṣù Kìíní 1983, ìwé ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tó lé ní mílíọ̀nù kan jáde nílùú wa níbí, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni báàgì tí gbogbo wa ń pè ní Ghana-must-go ti gba orúkọ. Àwa náà ṣe é fún wọn. Ohun tí ìwé ń ṣe ni pé ó ń fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ibi tó lè dúró sí tí á fi pariwo. Ìyá ìyá mi kò ní irú ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí bóyá ohun tí ìlú Ọba ṣe nìyí, èyí tí wọ́n ń pè ní Brexit. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìlú Ọba wọ ẹgbẹ́ Yúróòpù ní 1973. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, 2016, ìjọba bi ará ìlú léèrè nínú ìbò: ṣé ká dúró àbí ká lọ? Ìdá 51.9 nínú 100 ní ká lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, owó pọ́n-ùn ti já wálẹ̀ sí ibi tí kò dé sí dọ́là láti 1985. Síbẹ̀, ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, 2020 ni wọ́n tó jáde, ìbẹ̀rẹ̀ 2021 sì ni nǹkan tó yí padà lójú ọ̀nà. Gbogbo ọdún àárín yẹn, ìjíròrò ni. Olórí ìjọba méjì fi ipò sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tó mú un pẹ́ ni pé okùn tó so wọ́n pọ̀ nípọn gan-an. Kì í ṣe físà àti owó ibodè nìkan. Ẹran tí ọkọ̀ gbé láti ìlú Ọba lọ sí Faransé, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, torí òfin kan náà ni wọ́n fi ń pa á níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Láti 2021, ọkọ̀ yẹn nílò ìwé tí dókítà ẹran fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ Ireland tún le ju ìyẹn lọ. Erékùṣù kan náà ni, apá kan jẹ́ ti ìlú Ọba, apá kejì jẹ́ orílẹ̀-èdè ara rẹ̀ tó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, pààlà nǹkan bí 500 kìlómítà sì wà láàárín wọn. Wọ́n ti para wọn lórí pààlà yìí fún ọgbọ̀n ọdún kí àdéhùn 1998 tó mú àlàáfíà wá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n bá gbé àyẹ̀wò lọ sójú òkun, láàárín apá méjì ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: kí kọ́sítọ́ọ̀mù máa tú ẹrù wò láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, torí pé Nàìjíríà àti aládùúgbò rẹ̀ pínyà.

Brexit yẹn dé Ìbàdàn o, ọ̀pọ̀ ilé ló dé tí wọn kò mọ̀ pé òun ni. Tẹ́lẹ̀, ará Poland tàbí Romania kàn lè wọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba ni. Láti oṣù Kìíní 2021, òun náà ní láti gba físà bí tiwa. Àyè ṣí ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kò sẹ́ni tó máa ṣe iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejì 2022 ìjọba wọn ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó lọ jù. Àbúrò mi obìnrin wà nínú wọn. Ó ta ilẹ̀ tó ti rà sí Mọ́níyà, tí bíríkì ti wà lórí rẹ̀, ó gbà á lọ. Ìyá arúgbó tó ń wẹ̀ fún lójoojúmọ́ sọ fún un pé ọmọ Poland ló ń wẹ òun tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Keje 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn físà yẹn fún àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Ìbò tí àwọn èèyàn dì ní Sunderland àti Cornwall ló ta ilẹ̀ ní Mọ́níyà.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ ni pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú Ọba, wọ́n sì fi ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ewé parí rẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, 2020. Ẹni tó ń ta ẹja lè ka ohun tó kàn án níbẹ̀, kó bínú sí i, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun dúró sí. Ní Niger, Mali àti Burkina, kò sẹ́ni tó dìbò lórí rẹ̀. Ìjáde ṣáájú, ìjíròrò ló ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà. Lábẹ́ ECOWAS, àlùbọ́sà, ẹ̀wà, màlúù, àgbò, ohunkóhun tó bá ti oko tàbí agbo wá láti ilẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́, kì í san owó ibodè. Ọjà tó bá ti ìta wá ló ń san, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé ìdá 35 nínú 100, bí irú ọjà náà bá ṣe rí. Ìkéde ojúrere yẹn ni kò jẹ́ kí Niger bọ́ sí ìta. Bí wọ́n bá mú un kúrò, lójú òfin, àgbò Iléyá tó wá láti Maradi ní Niger á dà bí ọjà tó wọkọ̀ ojú omi wá láti Ṣáínà. Àwọn AES náà kò jókòó lásán. Ní oṣù Kẹta 2025 wọ́n fi owó orí ìdajì náírà lórí 100 náírà, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sórí ọjà tó bá ti ìta orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà wọlé. Ó kéré, ṣùgbọ́n ìta tí wọ́n ń wí yẹn, àwa wà nínú rẹ̀. Obì gbànja tó ń ti ilẹ̀ Yorùbá gba òkè Ọya lọ sí Niger wà nínú rẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo kàn máa dárúkọ: ìlera, fún àpẹẹrẹ. Nígbà tí Burkina Faso jáde, ìlú rẹ̀ kan, Bobo-Dioulasso, ni olú ilé iṣẹ́ àjọ ìlera ECOWAS wà. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó jáde nínú ẹgbẹ́ ni àpótí ẹgbẹ́ wà ní yàrá rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀nà Niger jìn sí Ìbàdàn, kó rántí pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà bá ilẹ̀ òkèèrè pààlà. Láti Ṣakí, ẹ gba Okérété, ẹ ti wà ní ilẹ̀ Benin. Kétu wà lọ́hùn-ún, Sábẹ́ wà lọ́hùn-ún, Yorùbá ni wọ́n, wọ́n ń wá ṣòkú, wọ́n ń wá ṣègbéyàwó, a sì ń lọ. Ohun tí Hausa Katsina àti Hausa Maradi jẹ́ síra wọn ni àwa àti Kétu jẹ́ síra wa. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbọ́ ìròyìn yìí bí ìròyìn àjèjì.

Ní oṣù Kẹta, mo padà lọ sí Bódìjà. Tírélà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Alhaji fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àga pẹlẹbẹ, ó ń mu tíì. Yorùbá rẹ̀ já geere. Ìyá ní, "Alhaji, ọmọ mi tí mo sọ fún yín nìyí, ẹ bi í." Mo ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì, ó gbà mí tó ìṣẹ́jú ogún. Nígbà tí mo dé orí àmì tó wà lára pásípọ́ọ̀tù, Alhaji ki ọwọ́ bọ àpò abẹ́ agbádá rẹ̀, ó yọ ọ̀rá kan, ó yọ ìwé náà nínú rẹ̀, ó fi ìka han ìyá ibi tí wọ́n kọ ECOWAS sí. Ó ṣí i sí ojú ewé tí àwòrán rẹ̀ wà. Oṣù Kẹwàá 2027 ló máa parí. Ó ní èyí tí òun bá gbà lẹ́yìn rẹ̀, àmì mìíràn ló máa wà lára rẹ̀.

Ìyá ka ọdún náà lórí ìka rẹ̀. Ó ní, "Ọdún méjì ààbọ̀."

Alhaji dá ìwé náà padà sínú ọ̀rá, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó tì í bọ àpò, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ tó ń já ẹrù.